Ẹja Onílé àti Ẹja Àtọ̀húnrìnwá

Ìtàn tí a máa ń kọ sí ojú ewé yìí kì í sábà kọjá ààlà ilé: bí a ti tẹ ìlú dó, oba tí ó jẹ tẹ̀lé oba, ọjọ́ tí a fi ìpìlẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ lélẹ̀. Lọ́dún yìí a tọrọ àyè láti rìn jìnnà díẹ̀. Ìtàn ẹja ni a mú wá, kì í sì í ṣe ẹja ńlá tí í fa àwọ̀n ya, bí kò ṣe ẹja wẹ́wẹ́ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gùn ju ọwọ́ àgbàlagbà lọ, tí ń gbé inú ìṣàn odò tí ọmọdé lè fò kọjá. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ẹja náà wà, ní orí òkè Arizona, ní ilẹ̀ àwọn ẹ̀yà Apache. Ohun tí ó mú wa yàn án ni pé àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ na ọwọ́ láti gba ẹja yìí lọ́wọ́ ìparun, nígbà tí òfin ìjọba kò tí ì dìde. A rò pé ẹgbẹ́ bíi tiwa yóò fẹ́ mọ bí wọ́n ti ṣe é.

Kí a tó dé Arizona, ó yẹ kí a sọ irú ìpẹja tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, a mọ àwọ̀n, a mọ ìgèrè, a sì mọ ìwọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìwọ̀ mú ẹja a wa ekòló ní etí odò, a fi bo ojú ìwọ̀, a sọ ọ́ sómi, a sì jókòó ti sùúrù. Ọ̀nà mìíràn wà tí kò lo ekòló rárá. Ẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní tráótì, ẹja omi tútù nini ni, kò lè gbé inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bíi ti ilẹ̀ wa. Púpọ̀ nínú oúnjẹ rẹ̀ ni àwọn kòkòrò abìyẹ́ tí ń bà lójú omi. Kòkòrò wọ̀nyí kéré, wọ́n sì rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a kò lè fi ìwọ̀ gún wọn kí wọ́n má bàjẹ́. Nítorí náà ni àwọn apẹja ṣe dá a lọ́gbọ́n láti fi ìyẹ́ adìyẹ àti òwú wé ìwọ̀ títí yóò fi jọ kòkòrò náà lójú ẹja. Eṣinṣin àtọwọ́dá ni a ó máa pè é.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti àná. Ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, Aelian, ọmọ Róòmù kan tí ó kọ ìwé ní èdè Gíríìkì nípa ìwà àwọn ẹranko, ròyìn bí àwọn ará Makedóníà ti ń pẹja nínú odò kan tí ń jẹ́ Astraeus, láàárín Bèréà àti Tẹsalóníkà. Ẹni tí ó bá ń ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì yóò rántí ìlú méjèèjì, nítorí Pọ́ọ̀lù wàásù níbẹ̀. Aelian ní àwọn ẹja náà ní àmì tóótòòtó lára. Ó ní àwọn apẹja a wé òwú irun àgùntàn pupa mọ́ ìwọ̀, wọ́n a sì so ìyẹ́ méjì tí wọ́n tu lábẹ́ àgbọ̀n àkùkọ mọ́ ọn. Ọ̀pá wọn gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6, okùn rẹ̀ náà sì jẹ́ 6. Ìyẹ́ ọrùn àkùkọ yìí kan náà ni wọ́n ṣì ń lò títí di òní olónìí.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Wynkyn de Worde, òǹtẹ̀wé ní Westminster, tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1496 lórí fífi ìwọ̀ pẹja, ìwé tí wọ́n ka kíkọ rẹ̀ sí ọwọ́ obìnrin kan, Juliana Berners. Irú eṣinṣin àtọwọ́dá 12 ni ó kà sílẹ̀, pẹ̀lú oṣù tí ó yẹ kí a lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Izaak Walton gbé ìwé tirẹ̀ jáde ní 1653, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Charles Cotton sì fi apá kejì kún un ní 1676, lórí bí a ti í fi eṣinṣin wá ẹja nínú odò tí omi rẹ̀ mọ́ gaara. Láti ibẹ̀ ni àṣà náà ti ré òkun kọjá lọ sí Amẹ́ríkà. Àwọn ará Jàpáànù tí ń gbé orí òkè ní tiwọn lọ́tọ̀, tí wọ́n ń pè ní tenkara: ọ̀pá gígùn tí ó fúyẹ́, okùn tí a so mọ́ ṣóńṣó rẹ̀, kò sì sí ẹ̀rọ tí í ká okùn. Láti ọdún 2009 ni wọ́n ti ń tà á ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, ó sì bá odò kékeré mu púpọ̀.

Ẹni tí kò rí i rí lè rò pé eré ọmọdé ni kí àgbàlagbà máa fi ọ̀pá àti ìyẹ́ wá ẹja tí kò kún àwo. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́bàá odò ńlá, apẹja lè dúró lókèèrè kí ẹja má mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìṣàn tí kò fẹ̀ ju ìgbésẹ̀ méjì lọ, tí omi rẹ̀ mọ́ bíi dígí, òjìji ènìyàn tàbí mímì ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ti tó láti lé gbogbo ẹja sábẹ́ òkúta. Ẹja a máa kọjú sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, nítorí láti ibẹ̀ ni oúnjẹ ti ń wá. Nítorí náà ẹ̀yìn ni apẹja gbọ́dọ̀ gbà yọ sí i: kí ó máa ti ìsàlẹ̀ odò gòkè, kí ó bẹ̀rẹ̀, kí ó tilẹ̀ fi orúnkún rìn nígbà mìíràn. Ẹ̀ka igi bo orí rẹ̀, kò sí àyè tí yóò fi ju okùn sẹ́yìn. Eṣinṣin rẹ̀ gbọ́dọ̀ bà lójú omi bí ohun tí ó já láti ara ewé, kí ó sì máa bá omi lọ bí omi ti ń lọ. Bí okùn bá fà á sápá kan péré, ẹja ti mọ̀ pé ẹ̀tàn ni. Ohun kan ṣoṣo ni ó rọ apẹja lọ́rùn: oúnjẹ kò pọ̀ ní orí odò, ẹja ibẹ̀ kò sì lè máa ṣa oúnjẹ jẹ bí ọmọ olówó. Ohun tí ó bá ti jọ oúnjẹ, yóò fò mọ́ ọn.

Kí ló wá dé tí ẹja wẹ́wẹ́ yìí fi ń gbé orí odò nìkan, níbi tí oúnjẹ kò tó? Ìbéèrè yìí ni gbòǹgbò ìtàn wa. Kì í ṣe pé Ẹlẹ́dàá fi wọ́n sí ibẹ̀ nìkan. Sísá ni wọ́n sá débẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìhà ìlà oòrùn Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀ràn náà ti kọ́kọ́ le. Lórí àwọn òkè tí wọ́n ń pè ní Great Smoky Mountains, láàárín Tennessee àti North Carolina, ẹja onílé ni tráótì kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, tí ó ní àmì pupa tí àwọ̀ búlúù yí ká ní ẹ̀gbẹ́, tí etí lẹbẹ rẹ̀ sì funfun bí ẹfun. Ní 1814, Samuel Mitchill fún un ní orúkọ ìjìnlẹ̀ kan, fontinalis, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe “ti orísun omi”. Àwa náà yóò máa pè é ní tráótì orísun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn agégẹdú wọ orí òkè wọ̀nyí pẹ̀lú ayùn àti ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n gé igi tí í ṣíji bo odò, oòrùn sì rí ojú omi. Òjò gbá ilẹ̀ wọ inú odò, ẹrẹ̀ bo àárín òkúta tí ẹja ń yé ẹyin sí. Omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹja sì kú. Nígbà tí àwọn apẹja figbe ta pé odò ti ṣófo, kò sí ẹni tí ó ní sùúrù láti dúró de igi kí ó tún hù. Ẹja mìíràn ni wọ́n kó wá.

Ó rọrùn láti kó o wá nígbà náà. Ní 1871 ni ìjọba Amẹ́ríkà dá àjọ kan sílẹ̀ fún ọ̀ràn ẹja, Spencer Baird ni olórí rẹ̀. Ní 1879 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gba ẹyin tráótì kan ní odò McCloud ní California, èyí tí ìlà pupa gbọọrọ kan ń tàn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òṣùmàrè ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ní 1883 ẹyin tráótì ti Jámánì dé New York nínú ọkọ̀ òkun, nígbà tí ó sì di ọdún kejì wọ́n da àwọn ọmọ rẹ̀ sí odò kan ní Michigan. Wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú irin gbé ọmọ ẹja káàkiri nínú gáráwà tí àwọn àgbẹ̀ fi ń gbé wàrà, odò tí ó bá sì ti tutù, wọ́n a dà wọ́n sí i. A kò ní bú àwọn tí ó ṣe é. Lójú wọn, oúnjẹ ni wọ́n ń fi kún oúnjẹ, ìgbádùn ni wọ́n sì ń pèsè fún ará ìlú. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bi ẹja onílé léèrè.

Ẹja àtọ̀húnrìnwá ga, ó sì lágbára. Ó gba ibi ìfarapamọ́ tí ó dára jù, ó gba oúnjẹ, ó sì ń jẹ ọmọ ẹja onílé. Ní àwọn òkè Smoky wọ̀nyí, tráótì orísun pàdánù bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin odò rẹ̀. Èyí tí ó ṣẹ́kù sá lọ sókè réré, lókè ibi tí omi ti ń já láti orí àpáta, níbi tí àlejò kò lè fò dé. Ìjọba sọ òkè náà di ọgbà ìtọ́jú ní 1934, igi sì tún hù, ṣùgbọ́n ẹja onílé kò padà sísàlẹ̀, nítorí àlejò ti joyè sí ilé rẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1970 ni wọ́n dẹ́kun dída ẹja àjèjì sí odò ibẹ̀, wọ́n sì fòfin de mímú tráótì orísun fún bí 30 ọdún. Ní 2006, lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ ọ̀ràn náà wò fínnífínní, wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà, nítorí wọ́n rí i pé kì í ṣe ìwọ̀ apẹja ni ọ̀tá ẹja náà.

Ẹ jẹ́ kí a wá kọjá sí ìwọ̀ oòrùn, sí Arizona. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ ibẹ̀, aṣálẹ̀ ni yóò rò, kò sì ṣìnà. Ṣùgbọ́n ní ìhà ìlà oòrùn ìpínlẹ̀ náà, àwọn òkè kan wà tí yìnyín ń bò nígbà òtútù. Olórí wọn ni Òkè Baldy, tí ó ga ní bí ẹsẹ̀ bàtà 11,400, òkè mímọ́ ni lójú àwọn Apache. Láti ara rẹ̀ ni àwọn odò White, Black àti Little Colorado ti ń sun. Nínú àwọn omi wọ̀nyí nìkan ni ẹja kan ń gbé ní gbogbo ayé: tráótì Apache. Ó pọ́n bí wúrà tí a fi òróró pa, àmì dúdú tò sí i lára, àmì dúdú kékeré sì wà níwájú àti lẹ́yìn ẹyinjú rẹ̀, tí ó fi dà bí ẹni pé wọ́n fi tìróò fa ìlà la ojú rẹ̀ kọjá. Ní orí odò, èyí tí ó bá gùn ní íǹṣì 9 ti di àgbà láàárín wọn.

Ní 1870 ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà dó sí ilẹ̀ yìí, tí wọ́n kọ́ Fort Apache, ìjọba sì pààlà ilẹ̀ fún àwọn onílé. Àwọn àjèjì tí wọ́n wá tẹ̀dó sí àgbègbè náà da màlúù sí etí odò, wọ́n gé igi, wọ́n sì ń mú ẹja láìníwọ̀n. Nígbà tí ẹja dín kù, ohun tí wọ́n ṣe ní ìlà oòrùn ni wọ́n ṣe níhìn-ín: wọ́n da tráótì òṣùmàrè, ti Jámánì àti tráótì orísun sódò. Ẹ kíyè sí èyí tí a dárúkọ kẹ́yìn. Ẹja kan náà tí ó di ìsáǹsá ní ilẹ̀ baba rẹ̀ ní Tennessee, òun ni ó di adánilóró ní Arizona. Ti òṣùmàrè tilẹ̀ burú ju ti gbogbo wọn lọ, nítorí ìbátan tráótì Apache ni: wọ́n ń gun ara wọn, wọ́n ń bí àmúlùmálà, bẹ́ẹ̀ ni irú onílé ń lọ díẹ̀díẹ̀ láìsí òkú tí ẹnikẹ́ni yóò rí sin.

Kì í ṣe pé kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Aldo Leopold, tí ó dé igbó ìjọba ní Arizona ní 1909 gẹ́gẹ́ bí ọ̀dọ́mọdé òṣìṣẹ́ igbó, kọ àròkọ kúkúrú kan ní 1918 lòdì sí pípa oríṣiríṣi tráótì pọ̀ nínú odò ìwọ̀ oòrùn. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé irú tí a bá bá nínú odò ni kí a tún dà sí i, kí a sì fi onílé ṣáájú. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò wọ̀ wọ́n létí. Odò tí tráótì Apache ń gbé, tí gbogbo rẹ̀ tó bí ibùsọ̀ 600 tẹ́lẹ̀, dín kù títí ó fi ku bí ibùsọ̀ 30 péré.

Púpọ̀ nínú ibùsọ̀ 30 yìí wà lórí ilẹ̀ àwọn White Mountain Apache. Ní 1955 ni àwọn ènìyàn náà ti àwọn odò apá Òkè Baldy tí ó wà ní ilẹ̀ wọn pa, pé kí apẹja kankan má ṣe ju ìwọ̀ sí i mọ́. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọdún yìí. Òfin àpapọ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà lórí àwọn ẹ̀dá tí ó fẹ́ parun ṣì ku ọdún 11. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kò tí ì fún ẹja náà ní orúkọ tirẹ̀. Ọdún 1972 ni Robert Rush Miller tó ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn Apache kì í sì í ṣe ọlọ́rọ̀. Owó tí àwọn àlejò apẹja ń ná jẹ́ ohun tí ìlú wọn nílò. Síbẹ̀ wọ́n fi apá kan nínú omi wọn sílẹ̀ láìpa owó lórí rẹ̀, nítorí ẹja tí kò kún àwo. Bí kì í bá ṣe ilẹ̀kùn tí wọ́n tì yìí, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé inú ìgò ọtí líle ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ni àwọn ọ̀mọ̀wé ì bá ti máa wo tráótì Apache.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba dé. Ní 1967 orúkọ ẹja náà wà nínú ìwé àkọ́kọ́ tí ìjọba fi ka àwọn ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu ìparun. Ní 1975 wọ́n rí i pé ewu náà ti rọ díẹ̀, wọ́n sì gbà pé a lè máa fi ìwọ̀ mú un níbi tí ó bá pọ̀, lábẹ́ òfin. Iṣẹ́ tí ó kù kì í ṣe ti ẹnu. Àwọn Apache, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ àti ti Arizona, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ apẹja, mọ ògiri òkúta la odò kọjá, kí ẹja àjèjì má lè gòkè. Lókè ògiri, wọ́n a fi ẹ̀rọ iná mànàmáná tàbí oògùn pa àjèjì tán, kí wọ́n tó dá onílé padà síbẹ̀. Ọ̀kan nínú oògùn tí wọ́n ń lò fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni rotenone, tí a ń rí lára gbòǹgbò àti ewé àwọn igi kan ní ilẹ̀ gbígbóná. Àwọn apẹja ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ti ń gún irú ewé bẹ́ẹ̀ sódò kí òyìnbó tó sọ ọ́ lórúkọ, àfi pé oúnjẹ ni tiwọn. Ní ilé ìpamọ ẹja Williams Creek, lórí ilẹ̀ Apache, wọ́n ń tọ́ ọmọ tráótì Apache dàgbà. Ní 1986 Arizona sọ ọ́ di ẹja ìpínlẹ̀ wọn.

Iṣẹ́ náà kò lọ tààrà. Ẹja àjèjì a máa gba ibi tí ògiri ti ya kọjá, àwọn ènìyàn kan tilẹ̀ a máa dà á sódò ní ìkọ̀kọ̀, tí iṣẹ́ ọdún púpọ̀ a fi di asán. Ní 2011 iná ńlá tí wọ́n ń pè ní Wallow jó igbó tí ó lé ní éékà 530,000 lórí àwọn òkè wọ̀nyí, eérú sì wọ inú odò. Síbẹ̀síbẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ìjọba Amẹ́ríkà yọ tráótì Apache kúrò nínú ìwé àwọn ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu, nítorí pé ó ti gbèrú. Òun ni tráótì àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ìdílé ẹja 30 tí kò ní àmúlùmálà ni wọ́n kà ní oríṣiríṣi odò. Ó di ọdún 69 sí ìgbà tí àwọn onílẹ̀ ti odò wọn pa.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé yóò béèrè ohun tí apẹja ń fi ẹja bẹ́ẹ̀ ṣe bí ó bá mú un. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń dá a padà sómi ni. Wọ́n a ti tẹ ẹ̀gún ìwọ̀ mọ́lẹ̀ kí ó má baà ya ẹnu ẹja, wọ́n a fi omi tutù ọwọ́ wọn kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, wọ́n a wò ó, ó di odò. Ìyá wa àgbà tí a sọ ọ̀rọ̀ yìí fún bi wá bóyá ara àwọn ènìyàn náà dá. Ara wọn dá. Àwọn tí ń dá ẹja padà yìí wà lára àwọn tí ń ru òkúta ògiri lọ sórí òkè, tí wọ́n sì ń ṣọ́ odò.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ wò ó fúnra rẹ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí ń bẹ ní Amẹ́ríkà, kí ó mọ̀ pé ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ Arizona nìkan kò tó. Bí odò náà bá wà ní ilẹ̀ àwọn White Mountain Apache, ọwọ́ wọn ni yóò ti gba àṣẹ, òfin wọn ni yóò sì tẹ̀ lé. Ní 1983, nínú ẹjọ́ àwọn Mescalero Apache ti New Mexico, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá a pé òfin ọdẹ àti ẹja ti ìpínlẹ̀ kò lè ju ti àwọn onílẹ̀ lọ lórí ilẹ̀ wọn, kódà lórí àlejò. Kí ó mú ọ̀pá kúkúrú dání, kí ó sì wọ bàtà tí ó lágbára, nítorí ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gun òkè dé ibẹ̀.